Ilẹ̀kùn Tó Gbọ́dọ̀ Ṣí Láti Inú: Ìtàn Ìgbésí Ayé Àlhájà Afusat Dúrójayé Quadri (1963–2025)

Ní ìlú Addo, lẹ́bàá Ajah, ní Ìpínlẹ̀ Èkó, ni wọ́n ti bí Àlhájà Afusat Dúrójayé Quadri, ọmọ Sànúsí, ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù Kẹfà ọdún 1963. Bàbá wọn ni Alfa Ìsìmáílà Sànúsí, tó ń kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò ní kéwú láàárọ̀, tó sì ń dẹ àwọ̀n sínú ọ̀sà nírọ̀lẹ́. Ìyá wọn ni Ìyá Fúnláyọ̀, télọ̀ tí gbogbo Addo mọ̀. Ọmọ méjì ló ti wá tó sì ti padà ṣáájú wọn, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi sọ ẹ̀kẹta ní Dúrójayé, tí àwọn ará ilé sì gé e kúrú sí Dúró. Wọ́n gbọ́ ẹ̀bẹ̀, wọ́n dúró. Ọdún méjìlélọ́gọ́ta ni wọ́n fi dúró. Ẹ̀yin èèyàn wa tí ẹ wá bá wa ṣe àdúà ọjọ́ kẹjọ yìí, a kò ní purọ́ fún yín pé ó tó wa.

Màmá kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́wàá tí wọ́n ti di akọ̀wé ìyá wọn. Ìyá àgbà mọ aṣọ rán dáadáa, ṣùgbọ́n wọn kò mọ̀wé. Oníbàárà á wọlé, á ní kí wọ́n bá òun rán an kó dára, kó má fún òun jù. Bí aṣọ bá jáde tán, ìjà dé. Èyí ní ó fún, ìyẹn ní ó ṣò. Ni Dúró kékeré bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ìwé àti bírò, wọ́n á bi oníbàárà pé, "Àǹtí, ìka mélòó ni kó lè wọ àárín aṣọ àti ìbàdí yín?" Àwọn oníbàárà á rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n wọ́n á dáhùn, Dúró á sì kọ ọ́ sílẹ̀. Kí ọdún tó yí po, bàbá àgbàlagbà kan tó máa ń wá làjà ní ṣọ́ọ̀bù náà ní òun kò ríṣẹ́ ṣe mọ́.

Ọdún 1969 ni wọ́n wọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ajah, wọ́n sì parí rẹ̀ ní 1975. Lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́ gírámà, wọ́n wọ Yunifásítì Èkó ní ọdún 1981 láti kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ. Àwọn obìnrin mẹ́ta péré ló wà ní kíláàsì wọn. Àwọn ẹbí kan ní kí Alfa má jẹ́ kí ọmọbìnrin lọ fi ọwọ́ ra gíríìsì. Alfa ní ọwọ́ tó ń kọ Bísímílà kò sí ohun tí kò lè dì mú. Ọdún 1986 ni wọ́n jáde, wọ́n sin ilẹ̀ bàbá wọn fún ọdún kan, wọ́n sì padà sí Èkó.

Ní ọdún 1988 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ kan tó ń to ọkọ̀ akérò pọ̀, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì ti fẹ̀yìn tì lẹ́yìn ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Ní 1990 ni Alhaji Mọ́rúfù Quadri, olùkọ́ ìṣirò, gbé wọn níyàwó. Alhaji kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, Màmá kì í dákẹ́, wọ́n sì bá ara wọn lò láìsí pé ẹnikẹ́ni gbọ́ ariwo wọn níta. Ọlọ́hun fi ọmọ mẹ́ta ta wọ́n lọ́rẹ: èmi Ọlákẹ́mi tí àwọn ẹbí fún ní bírò láti kọ ìtàn yìí, Fàtíù, àti Ọmọ́táyọ̀.

Láàárín 2001 sí 2003, ilé iṣẹ́ rán Màmá lọ sí Jámánì fún ẹ̀kọ́ṣẹ́. Bàbá ló tọ́jú wa. Bàbá ló ń di irun fún èmi àti Ọmọ́táyọ̀. Ìlà tí wọ́n pín sórí wa máa ń gún bí èyí tí wọ́n fi rúlà fà, ṣùgbọ́n kí ó tó di ọ̀sán, irun náà á ti tú tán. Màmá rí fọ́tò wa, wọ́n kọ lẹ́tà sí Bàbá pé ìlà dára, kí wọ́n jọ̀ọ́ wá onídìrí. A ṣì ní lẹ́tà náà nílé.

Iṣẹ́ wo gan-an ni Màmá ń ṣe? Ìbéèrè tí àwọn ẹbí bi wa jù nìyẹn. Bí a bá ní onímọ̀ ẹ̀rọ tó ń bá wọn ṣe ọkọ̀ ni wọ́n, èèyàn á gbé ọkọ̀ rẹ̀ tó ń hó wá sí iwájú ilé wa. Màmá kì í tún ọkọ̀ ṣe. Kí ilé iṣẹ́ tó de nọ́ọ̀tì kan mọ́ ọkọ̀ tuntun, ó ní láti kọ gbogbo ohun tí ọkọ̀ náà gbọ́dọ̀ lè ṣe sílẹ̀, ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó ń ya àwòrán rẹ̀ wà ní Jámánì, àwọn tó ń ṣe iná àti kọ̀ǹpútà inú rẹ̀ wà ní Íńdíà, àwọn tó ń rọ ara rẹ̀ wà ní Bùràsíìlì, àwọn tó ń dán an wò wà níbí lọ́dọ̀ wa. Ọ̀pọ̀ wọn kò fojú kan ara wọn rí. Àkọsílẹ̀ yẹn ló so wọ́n pọ̀, Màmá ló sì jẹ́ olórí àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ láti ọdún 2009. Nítorí pé gbólóhùn kọ̀ọ̀kan ní "gbọ́dọ̀" nínú, "àwọn gbọ́dọ̀ mi" ni Màmá ń pè wọ́n nílé.

Gbọ́dọ̀ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, ó ní orúkọ ẹni tí a ó bi léèrè, ó sì ní ọ̀nà tí a ó fi dán an wò. Èyí tí kò bá ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, Màmá kì í gbà á wọlé. Àwọn ará Jámánì kọ ọ́ nígbà kan pé afẹ́fẹ́ inú ọkọ̀ gbọ́dọ̀ tutù láàárín ogún ìṣẹ́jú. Màmá bi wọ́n pé ṣé pẹ̀lú ilẹ̀kùn ní títì ni. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni. Màmá ní ní Ajah, ilẹ̀kùn ọkọ̀ akérò á ṣí lẹ́ẹ̀mẹ́wàá láàárín ogún ìṣẹ́jú, kí wọ́n lọ tún un kọ. Wọ́n tún un kọ.

Ti họ́ọ̀nù ni èyí tí a fi ń dá wọn lára yá jù. Wọ́n ní láti mọ iye ìgbà tí họ́ọ̀nù gbọ́dọ̀ lè dún kó tó bàjẹ́. Màmá wọ ọkọ̀ láti Ajah dé Ṣàngótẹ̀dó, wọ́n jókòó ti awakọ̀, wọ́n ń fa ìlà sínú ìwé ní gbogbo ìgbà tó bá tẹ họ́ọ̀nù. Igba ó lé méjìlá. Awakọ̀ náà rò pé ìjọba ló rán wọn, ó ní, "Ìyá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ gbogbo ẹ̀, mo níyàwó nílé." Màmá fi iye náà ránṣẹ́. Àwọn ará Jámánì dáhùn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé àfàìmọ̀ ni òdo kan kò ti ṣèèṣì wọ̀ ọ́. Àwọn ará Íńdíà dáhùn pé ó kéré.

Láti ọdún 2015, ilé wa ní Ṣàngótẹ̀dó ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, nínú yàrá kékeré tó kọjú sí gárééjì. Èkó ló bọ́ sí àárín: nígbà tí ọ̀sán bá pọ́n níbí, ọjọ́ ti ń lọ sí ìrọ̀lẹ́ ní Íńdíà, ó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́ dáadáa ní Bùràsíìlì. Agogo kan sí mẹ́ta ọ̀sán ni gbogbo wọn fi ń pàdé lórí kọ̀ǹpútà. Ọjọ́ Jímọ̀ nìkan ni kò sí ìpàdé, nítorí Màmá sọ fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ pé òun kì í sí níbẹ̀ ní wákàtí yẹn, Ọlọ́hun ló ní in.

Ẹlẹ́sìn tòótọ́ ni Màmá. Ọdún 2008 ni wọ́n lọ sí Mẹ́kà. Wọn kì í pa Àsàlátù ọjọ́ Àìkú jẹ, àwọn obìnrin mọ́sáláṣí sì fi wọ́n ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́. Nígbà tí àdúgbò wa fẹ́ gbẹ́ gọ́tà ní 2017, agbaṣẹ́ṣe mú ìwé kan wá tó ní òun yóò ṣe gọ́tà tó dára. Màmá dá ìwé náà padà fún un. Wọ́n ní kí ó kọ bí ó ṣe máa jìn tó, ibi tí omi máa gbà jáde, àti iye wákàtí tí omi gbọ́dọ̀ fi gbẹ lẹ́yìn òjò ńlá. Agbaṣẹ́ṣe náà bínú, ó ní òun kò rí irú obìnrin yìí rí. Ṣùgbọ́n gọ́tà náà nìyẹn, ẹ gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá nígbà tí ẹ ń bọ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ìwé yìí ti fa àríyànjiyàn nínú ẹbí la dé yìí. Màmá fi ìwé pélébé kan sínú Kùránì wọn. Ohun mẹ́ta ni wọ́n kọ síbẹ̀. Kí a má pa ju màlúù kan lọ. Kí a má lo fọ́tò tí wọ́n ti wọ gíláàsì dúdú. Kí a kọ ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn sínú ìtàn ìgbésí ayé àwọn bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an. Àbúrò wọn, Alhaji Wàídì Sànúsí, fárígá. Wọ́n ní a kì í tẹ àléébù òkú sínú ìwé pín fún àlejò, pé ohun rere ni à ń sọ nípa ẹni tó lọ. Bàbá wa jẹ́ kí wọ́n sọ tán, wọ́n wá ní, "Ẹni tó ni ìtàn ló sọ bó ṣe fẹ́ ẹ. Ọlákẹ́mi, kọ ọ́." Alhaji Wàídì kò tíì dárí jì wá. Wọ́n wà ní iwájú yìí, ẹ bá wa bẹ̀ wọ́n.

Ní ọdún 2020, ilé iṣẹ́ ń ṣe ọkọ̀ akérò tuntun fún ilẹ̀ wa, ọlọ́yẹ́ tó ní ẹ̀rọ amúlétutù nínú, fèrèsé rẹ̀ kì í ṣí, iná ló sì ń ti ilẹ̀kùn rẹ̀ tó sì ń ṣí i. Àwọn gbọ́dọ̀ rẹ̀ ti lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́rìndínlógún. Àwọn ọ̀gá ní ó ti pọ̀ jù, kí Màmá yọ gbogbo èyí tó bá jẹ́ ọ̀kan náà kúrò láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Màmá fúnra wọn ló ka gbogbo rẹ̀. Ibi tí èèyàn méjì bá ti sọ ohun kan náà, wọ́n á fi ọ̀kan sílẹ̀, wọ́n á pa èkejì rẹ́. Wọ́n pa ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún rẹ́.

Ọ̀kan nínú wọn wá láti Íńdíà: "Bí iná bátìrì bá kú, èrò tó wà nínú ọkọ̀ gbọ́dọ̀ lè fi ọwọ́ ṣí ilẹ̀kùn." Èyí tó jọ ọ́ wá láti Jámánì: "Bí iná bátìrì bá kú, ilẹ̀kùn gbọ́dọ̀ ṣeé fi ọwọ́ ṣí." Màmá rí wọn bí ọ̀kan náà. Ó ti tó ọdún mẹ́wàá tí wọ́n ti ń kọ́ gbogbo ènìyàn pé gbólóhùn tó bá kúrú ló dára jù, nítorí náà wọ́n fi ti Jámánì sílẹ̀. Wọ́n kọ "ọ̀kan náà ni" sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, wọ́n kọjá sí èyí tó kàn.

Àwọn ará Bùràsíìlì ka ohun tó wà níwájú wọn. Wọ́n fi ọwọ́ ilẹ̀kùn sí ìta nìkan. Àwọn ayàwòrán ní Jámánì kọ́kọ́ dán an wò fúnra wọn, wọ́n yọ wáyà bátìrì, wọ́n dúró síta, wọ́n ṣí i, wọ́n kọ ọ́ pé ó yege. Kò sí ẹni tó purọ́ nínú wọn, kò sì sí ẹni tó ṣọ̀lẹ.

Ní oṣù Kẹrin 2021, ọkọ̀ àkọ́kọ́ dé Èkó. Onímọ̀ ẹ̀rọ Àbídèmí ni olórí àwọn tó ń dán an wò, ọkùnrin ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, oníwà pẹ̀lẹ́. Wọ́n da omi kún kòtò kan ní pápá tó wà lẹ́yìn Addo Road, Àbídèmí sì wa ọkọ̀ náà wọ inú rẹ̀ bí ìgbà tí ojú títì bá kún fún òjò. Omi dé bátìrì. Iná kú. Àbídèmí fa ilẹ̀kùn, kò ṣí. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti lọ jẹun ọ̀sán, fóònù rẹ̀ sì wà nínú jákẹ́ẹ̀tì tó fi há orí fẹ́ǹsì. Ogójì ìṣẹ́jú ló fi jókòó sínú oru yẹn kí wẹ́dà kan ní òdìkejì tó gbọ́ pé ó ń lu gíláàsì. Wẹ́dà náà fa ọwọ́ ìta, ilẹ̀kùn ṣí wẹ́rẹ́. Ó ní, "Bọ̀ọ́dá, kí lẹ wá ń ṣe nínú oru yìí látàárọ̀?"

Àbídèmí fi ṣe ẹ̀rín nígbà tó ń sọ ọ́ fún Màmá. Màmá kò rẹ́rìn-ín. Èèyàn mẹ́tàdínlógún ni ọkọ̀ náà ń gbà, kì í sì í ṣe gbogbo ìgbà ni wẹ́dà máa wà ní òdìkejì.

Nígbà tí ìròyìn náà dé ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀gá, wọ́n béèrè ẹni tó fọwọ́ sí àkọsílẹ̀ tuntun náà fún Èkó láì rí i pé nǹkan kan sọnù. Orúkọ Àbídèmí ló wà níbẹ̀. Wọ́n ní kí wọ́n fi ọwọ́ ilẹ̀kùn kan sínú ọkọ̀, kí Àbídèmí sì kó ẹrù rẹ̀ nílẹ̀ tí oṣù bá parí. Ọ̀rọ̀ tán lójú tiwọn. Màmá tú ìtàn àkọsílẹ̀ náà lọ sẹ́yìn láàárọ̀ ọjọ́ kejì láti wá ẹni tó pa gbọ́dọ̀ Íńdíà rẹ́. Orúkọ tiwọn ni wọ́n bá.

Ọjọ́ Sátidé ni Màmá pè wá jọ sí pálọ̀. Oṣù mẹ́rin péré ló kù tí wọn yóò fi fẹ̀yìn tì. Ilé iṣẹ́ ti ń múra àpèjẹ, àwọn kan ń bọ̀ láti Jámánì. Èmi ni mo kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Mo ní, "Màmá, kò sẹ́ni tó bi yín. Wọ́n ti ń fi ọwọ́ ilẹ̀kùn sínú ọkọ̀ náà. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ẹ jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀." Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, ṣùgbọ́n mo sọ ọ́. Fàtíù náà gbè mí lẹ́sẹ̀.

Màmá ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Wọ́n ní ìyẹn nìkan kọ́. "Tí wọ́n bá rò pé àìfojúsílẹ̀ Àbídèmí ló fà á, wọ́n á lé e, wọ́n á sùn. Kò sẹ́ni tó máa tún àwọn ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún yòókù kà. Èmi tí mo ṣi ọ̀kan pa, ṣé mo lè búra pé mi ò ṣi òmíràn pa?" Bàbá bi wọ́n pé, "Dúró, kí lo fẹ́ ṣe?" Wọ́n ní àwọn ti kọ lẹ́tà náà. Bàbá ní, "Kà á sí mi létí." Ìlà márùn-ún péré ni. Ó bẹ̀rẹ̀ báyìí: "Èmi ni mo pa gbọ́dọ̀ yìí rẹ́. Ó sọ ohun tí èkejì kò sọ, èmi kò rí i." Wọ́n fi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹ̀ka mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní ọjọ́ Ajé.

Ó dùn wọ́n. Kí ẹnikẹ́ni má rò pé kò dùn wọ́n. Àwọn ọ̀gá yọ wọ́n nípò olórí lọ́sẹ̀ náà, wọ́n sọ wọ́n di ọ̀kan nínú àwọn tó ń ka àkọsílẹ̀. Kò sí àpèjẹ mọ́, kò sí ẹni tó wá láti Jámánì. Ọkọ̀ tó yẹ kó jáde lọ́dún yẹn pẹ́ sí i ní oṣù méje, àwọn kan ní Bùràsíìlì kò sì bá wọn sọ̀rọ̀ mọ́. Àbídèmí kò lọ. Àwọn ẹ̀ka mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tún gbogbo ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún náà kà, wọ́n rí mọ́kànlá mìíràn tí kò yẹ kó kúrò, títí kan èyí tó ní ìjókòó ọmọdé gbọ́dọ̀ ṣeé tú láì lo irin iṣẹ́. Màmá sunkún lórí ìyẹn. A ò rí i kí wọ́n sunkún lórí ipò.

Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n bẹ àwọn ọ̀gá fún: kí gbọ́dọ̀ ilẹ̀kùn náà wà ní orúkọ àwọn títí àwọn yóò fi lọ, kí ó jẹ́ àwọn ni wọn yóò bi léèrè. Màmá dá a padà bí ará Íńdíà náà ṣe kọ ọ́, wọ́n fi ọ̀rọ̀ kan kún un pé ọmọ ọdún mẹ́jọ gbọ́dọ̀ lágbára tó láti ṣí i. Ní oṣù Kẹjọ 2021, ọjọ́ ìkẹyìn wọn lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n fi lé Àbídèmí lọ́wọ́. Wọ́n pa kọ̀ǹpútà, wọ́n lọ kí Àsárì.

Ọdún mẹ́rin tó tẹ̀lé e jẹ́ ọdún ìsinmi. Wọ́n kọ́ àwọn télọ̀ obìnrin ní mọ́sáláṣí bí a ṣe ń kọ ohun tí oníbàárà fẹ́ sílẹ̀. Wọ́n bá Bàbá jiyàn lórí bí a ṣe ń wọn ìrẹsì. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún yìí, ọkàn wọn bẹ̀rẹ̀ sí í yọ wọ́n lẹ́nu. Ní ọjọ́rú, ọjọ́ kẹwàá oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, wọ́n kí Súbúhì, wọ́n ní kí Bàbá jẹ́ kí àwọn fẹ̀yìn lélẹ̀ díẹ̀, wọ́n sì dágbére fún ayé láìsí ariwo. A sin wọ́n lọ́jọ́ náà gẹ́gẹ́ bí ẹ̀sìn ṣe là á sílẹ̀. Àbídèmí wà lára àwọn tó gbé wọn dé ibojì.

Àwọn tó gbẹ̀yìn wọn ni ọkọ wọn, Alhaji Mọ́rúfù Quadri. Àbúrò wọn, Alhaji Wàídì Sànúsí. Àwọn ọmọ wọn, Ọlákẹ́mi, Fàtíù àti Ọmọ́táyọ̀. Àti àwọn ọmọ-ọmọ mẹ́rin, Ìyanu àti Tolúwani tí í ṣe ọmọ tèmi, pẹ̀lú Ìsìmáílà àti Àyíṣátù tí í ṣe ọmọ Fàtíù. Àwọn ìbátan àti ẹgbẹ́ mọ́sáláṣí pọ̀ ju ohun tí ìwé lè gbà lọ.

Ohun kan ṣẹ́kù tí Màmá kò kọ sínú ìwé pélébé wọn, tí èmi fẹ́ sọ. Ní oṣù Keje ọdún tó kọjá, òjò ńlá kan rọ̀ tí omi bo Addo Road. Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀lé e, mo bá Màmá lọ sí Àsàlátù. Lẹ́yìn àdúà, obìnrin kan nínú ẹgbẹ́ ń ráhùn. Ó ní ọkọ̀ tuntun ọlọ́yẹ́ tí òun wọ̀ wọnú omi, iná rẹ̀ kú, omi ń gòkè bọ̀ lẹ́sẹ̀ àwọn èrò. Mo bojú wo Màmá. Wọn kò wò mí.

Màmá bi í pé, "Báwo lẹ ṣe wá jáde?"

Ó ní, "Ọmọdé kan ló fa nǹkan pupa kan lára ilẹ̀kùn, ó sì ṣí. Àmọ́ omi gbé bàtà mi ẹsẹ̀ kan lọ, Àlhájà. Bàtà ọdún Iléyá mi o."

"Èèyàn mélòó lẹ jẹ́?"

"A kún ọkọ̀. Mẹ́tàdínlógún."

"Ṣé gbogbo yín lẹ jáde?"

"Gbogbo wa ni. Bàtà yẹn ló ń dùn mí."

Màmá ní kí ó pẹ̀lẹ́. Ní ọjọ́ Ajé, wọ́n ra bàtà tuntun, wọ́n ní kí n gbé e fún obìnrin náà, kí n má sọ ìdí rẹ̀. Ó bi mí léèrè títí, mo ní bẹ́ẹ̀ ni Màmá ṣe máa ń ṣe. Ẹ̀yin ìyá náà, mo ti rí yín láàárín àwọn obìnrin mọ́sáláṣí bí ẹ ṣe ń wọlé lónìí, bàtà náà ló wà lẹ́sẹ̀ yín. Ìdí rẹ̀ nìyí.

Afusat Dúrójayé, ọmọ Alfa Ìsìmáílà, kí Ọlọ́hun Ọba fojú fo àṣìṣe yín, kí Ó tẹ́wọ́ gba iṣẹ́ yín, kí Ó fẹ ibojì yín, kí Ó sì fi ìmọ́lẹ̀ sí i. A ó máa ṣe yín lóore lẹ́nu àdúà títí a ó fi tún ríra. Ẹ sùn re, Màmá wa. Àmín.